Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi tíìkì tútù ṣe réèlì, ẹ gbọ́ o

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́. Ọ̀kan nínú yín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fíríìdọ̀mù fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi, réèlì onígi róbótó (ìdènà etí pèpéle tí kì í jẹ́ kéèyàn já bọ́) tó ń ṣe sí pèpéle onípákó kan l'Ádó, ó rẹwà lóòótọ́, àmọ́ èèpo ṣì wà lára igi ọ̀hún! Mi ò ní bú yín, ẹ ṣáà jẹ́ n sọ̀rọ̀.

Èkíní, tí wọ́n bá ti gé igi dé, ẹ bó èèpo ẹ̀ kíá, abẹ́ ẹ̀ ni kòkòrò ń sá sí. Ẹ kun ojú ibi tí wọ́n ti gé e ní pẹ́ńtì kó má baà là, ẹ wá tò ó sábẹ́ páànù níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Èkejì ni àlàfo. Òfin ilé kíkọ́ l'Ámẹ́ríkà ní tí pèpéle ilé bá ti ga ju ínṣì 30 lọ, réèlì ẹ̀ ò gbọdọ̀ kéré sí ínṣì 36, bọ́ọ̀lù tó fẹ̀ tó ínṣì 4 ò sì gbọdọ̀ gba àárín igi kọjá, torí orí ọmọdé ni.

Ẹ̀kẹta gan-an lọ̀rọ̀ wà. Igi kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrú tó bá ń gbẹ, ṣe ló máa ń tín-ín-rín. Tẹ́nọ̀n, ìyẹn ẹnu igi tẹ́ ẹ gbẹ́ kẹ́ ẹ lè kì í bọ ihò igi kejì, tó bá há gádígádí nígbà òjò, tí ọyẹ́ bá dé á máa mì. Ẹ jẹ́ kí tẹ́nọ̀n gbẹ dáadáa, kí igi tẹ́ ẹ gbẹ́ ihò sí ṣì ní omi díẹ̀ lára, tí ìyẹn bá ń gbẹ á fún un mọ́ra.

Kọngílá kan gbé irú iṣẹ́ yìí fún mi lọ́nà Ìkọ́gósì, inú òjò oṣù kẹsàn-án, tíìkì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ló kó wá. Mo ní ẹ jẹ́ kó gbẹ, ó ní àlejò ń bọ̀ ní Kérésì, pé ṣé èmi ni mo fẹ́ kọ́ òun níṣẹ́ ni. Mo bá ṣe é, ó sì dáa débi pé àwọn èèyàn ń dúró ya fọ́tò níbẹ̀. Ọyẹ́ wá jà. Tó o bá di ọ̀kan nínú àwọn igi kékeré yẹn mú, á máa yí lọ́wọ́ ẹ bí orógùn nínú ìkòkò. Bàbá kan fẹ̀yìn tì í, ó ń mu mọ́ọ̀tì lọ́wọ́, igi òkè bá tẹ̀ lé e, òun àti mọ́ọ̀tì ẹ̀ di inú ebè kókò. Ọlọ́run ló yọ wá, pèpéle yẹn ò ga.

Kọngílá ní káfíńtà ló ba iṣẹ́ jẹ́! Ó di báláǹsì mi mú títí dòní, ó lọ pe ẹlòmíì wá kan ìṣó ínṣì mẹ́fà mọ́ ọn, gbogbo ẹnu tíìkì là pẹ́rẹ́pẹ́rẹ́. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má jẹ́ kẹ́ni tí ò mọ ààké dì mú máa dá ọjọ́ fún igi o, tó bá ní dandan ni, kó kọ ọ́ sílẹ̀ kó buwọ́ lù ú, kẹ́ ẹ sì gbowó yín pé kẹ́ ẹ tó gbé siséèlì.

Ọkùnrin yẹn tún pè mí láìpẹ́ yìí pé òun ríṣẹ́ réèlì míì. Mo ní kó san báláǹsì àtijọ́ ná, kó wá kó igi wá ká jọ gbé e sórí òṣùwọ̀n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọjọ́ tí ìwúwo ẹ̀ ò bá wálẹ̀ mọ́ ni màá bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun máa pè mí padà.