Ọmọ mi ti dàgbà, àkáǹtì 529 rẹ̀ ṣì wúlò: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nípa owó orí

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń fi owó ilé ìwé pamọ́ sínú àkáǹtì 529 (àkáǹtì ìfowópamọ́ fún ẹ̀kọ́, tí èrè rẹ̀ kì í ní owó orí bí a bá ná an sórí ẹ̀kọ́) ní Amẹ́ríkà níbí, ẹ má rò pé owó ti há síbẹ̀ nítorí pé ọmọ ti kúrò ní kékeré. Òfin àpapọ̀ kò fi ọjọ́ orí dí i. Àkọ́bí mi ti ń ṣiṣẹ́, ó ti ń dá gbé, kó tó ní òun fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Owó tí bàbá rẹ̀ àti èmi ti ń tù jọ láti kékeré rẹ̀ náà la fi rán an.

Ojú owó tí ẹ fi síbẹ̀, ìjọba àpapọ̀ kì í gba owó orí lórí rẹ̀ tí ẹ bá yọ ọ́. Èrè orí rẹ̀ ni IRS, àjọ tó ń gba owó orí fún ìjọba àpapọ̀, ń ṣọ́. Bí owó tí ẹ yọ bá lọ sórí owó ilé ìwé, ìwé kíkà àti kọ̀ǹpútà, kò sí owó orí. Owó ilé gbígbé àti oúnjẹ náà wà níbẹ̀, bí ọmọ bá ń ṣe ó kéré tán ìdajì iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ alákòókò kíkún. Bí kò bá gbé inú ọgbà, iye tí ilé ìwé kọ sílẹ̀ fún un ni òpin. Ẹ má fi ra mọ́tò o! Bí ẹ bá yọ ọ́ fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ẹni tó gba owó máa san owó orí lórí èrè, yóò tún fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún èrè náà lé e.

Ọjọ́ ṣe pàtàkì gan-an. Oṣù Kejìlá ni ilé ìwé fi owó sáà tuntun ránṣẹ́. Ọmọ mi fi káàdì san án, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká yọ ọ́ tí ọdún tuntun bá dé." Mo ní rárá. Ọdún tí a san owó ni kí a yọ owó, kí ìwé wa má bàa ta kora. Mo sì ní kí àwọn tó ń bójú tó 529 san án sí àkáǹtì báǹkì ọmọ mi. Orúkọ rẹ̀ ni fọ́ọ̀mù 1099-Q, ìwé tó ń sọ iye tí a yọ nínú 529, fi jáde, kì í ṣe tèmi.

Ibi tí owó wà jù rèé: Lifetime Learning Credit, ẹ̀dínwó owó orí fún ẹni tó san owó ilé ìwé. Ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé ìwé, títí dé $10,000, ni wọ́n ń yọ kúrò nínú owó orí ẹni, ìyẹn $2,000, bí owó tó ń wọlé fún un kò bá ju ti òfin lọ. Ṣùgbọ́n owó ilé ìwé tí 529 bá ti san, ẹ kò lè tún kà á síbẹ̀. Nítorí náà, ọmọ mi fi owó oṣù rẹ̀ san lára owó ilé ìwé, 529 sì san owó yàrá àti oúnjẹ, tí ẹ̀dínwó yẹn kò kà rárá. Ọmọ mi kò sí lórí ìwé owó orí wa mọ́, nítorí náà òun fúnra rẹ̀ ló gba ẹ̀dínwó náà.

Bí ọmọ bá fi kọ́ọ̀sì kan sílẹ̀ tí ilé ìwé dá owó padà, ẹ dá a padà sínú 529 rẹ̀ láàárín 60 ọjọ́, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì.