Kí ẹ tó ra ilé onítáyà, ẹ lọ wo ọ̀nà ná

Iṣu ogójì ló kọ́ mi lọ́gbọ́n nípa caravan, ilé onítáyà tí mọ́tò ń fà. À ń bọ̀ láti Òmù-Àrán, ìlú ìyàwó mi, a sì ti to iṣu náà sí ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìn pátápátá, torí ibẹ̀ ló ṣófo. A kọjá Ajásẹ̀-Ìpo láìsí wàhálà. Kí á tó dé Ìdófìàn, níbi tí ọ̀nà ti dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀, mo wo jígí, mo rí i tí ilé náà ń ju ìdí sọ́tùn-ún sósì bí ẹni tó gbọ́ ìlù bàtá. Kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ti Hilux tó ń fà á káàkiri.

Ìyá Ràfíà ní, "Bàbá Ràfíà, ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni àbí mọ́tò?"

Mi ò dáhùn. Mi ò tẹ bíréèkì, mi ò sì já sítíárì. Mo kàn ṣíwọ́ fífún mọ́tò níná, títí tí ohun gbogbo fi fara balẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá tẹ bíréèkì lójijì nírú àkókò yẹn, inú igbó ló máa bá ara rẹ̀.

Ní ìlú Òyìnbó, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kànlá kí n tó padà sílé sí Ìlọrin, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé ìwúwo tó tẹ orí ìso iwájú caravan, ibi tí wọ́n ti so ó mọ́ mọ́tò, gbọ́dọ̀ tó nǹkan bí ìdá 5 sí 7 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀. Kílò 1,200 ni tèmi. Ó yẹ kí kílò 60 sí 84 tẹ orí ìso, ṣùgbọ́n iṣu ti gbé iwájú fúyẹ́. Mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ o. Ó kàn jẹ́ pé n kò ka iṣu sí ẹrù.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ọ̀fà tó fẹ́ fẹ̀yìn tì ló bi mí láìpẹ́ yìí pé èwo ni kí òun rà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n fi ń dó kiri. Motorhome, ilé àti ẹ̀ńjìnnì ti di ara kan. Caravan ò ní ẹ̀ńjìnnì, mọ́tò mìíràn ló ń fà á. Camper trailer, mọ́tò náà ló ń fà á, àmọ́ kékeré ni, ó ga kúrò nílẹ̀, táyà rẹ̀ nípọn, àgọ́ aláṣọ ni wọ́n sì ń tú síta lórí rẹ̀ bí ilẹ̀ bá ṣú. Àwọn ará Ọsirélíà fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, ẹni tó bá mọ bí ọ̀nà erùpẹ̀ wọn ṣe gùn tó, kò ní bi wọ́n léèrè.

Motorhome dùn, n ò ní purọ́. A háyà ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ méjì nígbà tí Ràfíà ṣì kéré. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti gúnlẹ̀ tán tí búrẹ́dì wá tán, gbogbo ilé lẹ máa palẹ̀ rẹ̀ mọ́ kí ẹ tó lè wà á lọ ra búrẹ́dì. Ẹ wá rò ó pé ẹ̀ńjìnnì bàjẹ́ nílùú wa níbí: ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ni ilé yín máa wà, ẹ̀yin náà á sì máa sùn níbẹ̀.

Caravan tòkunbọ̀ tí mo gbé wálé, ilẹ̀kùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n mọ̀ pé mo ti ṣìṣe. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń wakọ̀ ní ìlú Òyìnbó, nítorí náà ọwọ́ òsì ni ilẹ̀kùn wà, lápá ibi tí ẹsẹ̀ ń gbà. Nàìjíríà ti ń wakọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972. Ìgbà tí mo páàkì sẹ́bàá títì, tí ọmọ ọmọ mi ṣílẹ̀kùn, àárín títì gan-an ló fẹ́ bọ́ sí. Ọlọ́run ló yọ wá.

Nígbà tó yá, a gbé e lọ wo omi Òwu, omi tó ń já bọ́ láti orí àpáta. Ọ̀nà erùpẹ̀ tó lọ sí Ọ̀wá-Kájọlà, lẹ́yìn òjò, kì í ṣe ọ̀nà tí ilé máa ń gbà. Òkúta kan fa páìpù omi ìdọ̀tí já lábẹ́ rẹ̀, kòtò kejì ká ẹsẹ̀ ìdúró rẹ̀ kan kò. Àwọn ọmọkùnrin abúlé ló bá wa tì í jáde nínú pọ́tọ̀pọ́tọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Bàbá, ẹ kú ìrìnàjò o, ṣé ilé lẹ fẹ́ kó wá síbí ni?"

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo lọ bá wẹ́dà kan ní Táńkẹ̀, ní Ìlọrin. Ó jó tírélà kékeré kan fún mi, irú camper trailer yẹn, ó fi sípíríǹgì tó nípọn sí i. Táyà àti rọ́ọ̀mù Hilux gan-an la lò, kí táyà sípéà kan lè tó fún méjèèjì. Ìso rẹ̀ ń yí síbí, ó ń yí sọ́hùn-ún. Èyí tó jẹ́ bọ́ọ̀lù lásán máa ń há nínú gegele. Kíṣíìnì ń fà jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́, àgọ́ wà lókè. Eruku ń wọlé, a ò tíì rí rọ́bà tó dí i dáadáa.

Ọ̀rọ̀ ààbò wà níbẹ̀ o. Lásìkò yìí, mi ò lè sùn sínú igbó ní Gúúsù Kwara, ohun yòówù kí n gbé wá. Ọgbà ilé ẹbí tàbí ilé-ẹ̀kọ́ là ń dó sí, lẹ́yìn tí a bá ti kí baálẹ̀ àti olórí ọdẹ. Ojúmọmọ la fi ń wo omi, Òmù-Àrán la ti ń sùn. Lórí èyí, motorhome ló yá jù: bí ẹ bá gbọ́ ohun tí kò tẹ́ yín lọ́rùn lóru, láti orí bẹ́ẹ̀dì lẹ máa bọ́ sídìí sítíárì láìfẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Aṣọ àgọ́ ò ní kọ́kọ́rọ́.

Mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé kó kọ́kọ́ wa mọ́tò rẹ̀ lásán lọ síbi tó fẹ́ máa dó, lẹ́ẹ̀rùn àti lójò, kó tó náwó. Ó ní òun ti rí caravan kan tó rẹwà. Mo ní kó wá wo tèmi lẹ́yìn ilé. Ìyá Ràfíà ti sọ ọ́ di àká iṣu.