Nítorí Fúúsì Kan

Ní nǹkan bí aago méjì òru ọjọ́ Ìṣẹ́gun, hoist, ẹ̀rọ tí a fi ń gbé àwọn àgbà dìde lórí bẹ́ẹ̀dì nílé ìtọ́jú tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní UK, dákẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Mo wò ó: bátìrì ti kú, iná ṣájà ò tàn. Èmi tí wọ́n ń mú iná lọ lójú mi láti kékeré, ṣé ẹnìkan ló máa wá sọ fún mi pé fúúsì inú púlọ́ọ̀gì ló jó? Mo ní kí wọ́n wá screwdriver fún mi.

Ọ̀gá tó wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bless you, darling," pé carer ni mí, olùtọ́jú àwọn àgbà lásán, ká dúró de ẹnjiníà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílẹ̀ yìí mọ "bless you" yẹn. Kì í ṣe àdúrà.

Kí n má parọ́, òfin wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ tó bá ń gbé ènìyàn níbí, oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni ẹni tó mọ̀ ọ́n gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Mi ò bá òfin jà. Ẹ̀rín yẹn ni. Ọdún márùn-ún ni mo fi kọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná nílé ní Nàìjíríà, ọmọbìnrin mẹ́rin péré ló wà nínú kíláàsì wa. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ọmọkùnrin kan tí mo lè bí dé, ó yọ fúúsì, ó ki òmíràn bọ̀ ọ́, ó buwọ́ lùwé, ó lọ.

Nírọ̀lẹ́, mo fi ṣe àwàdà nílé. Mo ń sín ọ̀gá náà jẹ, bàbá àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ ò rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún 15 ni, lọ́dún tó ń bọ̀ ló máa bẹ̀rẹ̀ A-level, ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń ṣe níbí kí wọ́n tó wọ yunifásítì, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń pariwo físíìsì sí i létí. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin náà kúkú ṣe físíìsì. Kí ló fún yín?" (Èmi ni mo fi "ẹ̀yin" sí i o. Òyìnbó ló sọ.)

Ilé pa lọ́lọ́.

Mo ti múra ìdáhùn sílẹ̀ fún gbogbo nǹkan àfi ìyẹn. Ká ní ó sọ pé iṣẹ́ ọkùnrin ni, mo mọ̀ pé àwọn ọmọbìnrin ò tó ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn tó ń ṣe é ní A-level níbí. Ǹ bá ní kó lọ bá wọn fi kún un. Mo bẹ̀rẹ̀ ìtàn Jocelyn Bell Burnell, akẹ́kọ̀ọ́ Cambridge tó rí àmì pulsar (irú ìràwọ̀ kan tó ń rán àmì rédíò wá léraléra) ní 1967, tí wọ́n sì gbé ẹ̀bùn Nobel fún ọ̀gá rẹ̀ ní 1974. Àárín ọ̀nà ni mo ti rí i pé ọmọ náà ni ìtàn ń gbè lẹ́yìn.

Mo bá sáré mú Maggie Aderin-Pocock, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì òfurufú. Ẹ̀bùnolúwa wà nínú orúkọ rẹ̀, ọmọ Nàìjíríà ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Ó sọ fún olùkọ́ pé òun fẹ́ lọ sójú òfurufú, wọ́n ní kó lọ ṣe nọ́ọ̀sì, ṣebí sáyẹ́ǹsì náà ni. Ó lọ kọ́ físíìsì ní yunifásítì Imperial, ó sì wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ sí awò ìràwọ̀ James Webb, èyí tí wọ́n yìn lọ sójú òfurufú lọ́jọ́ Kérésìmesì 2021.

"London ni wọ́n bí i sí, Mọ́mì."

Ìwé ẹ̀rí mi wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọdún kan péré ni mo ní kí n fi ṣe care, kí n fi rí ẹsẹ̀ walẹ̀. Ọdún kọkànlá rèé. Èyí tó tún burú ni pé tí àwọn ọ̀rẹ́ mi bá béèrè ohun tí ọmọbìnrin wọn máa kọ́, nọ́ọ̀sì lèmi náà máa ń sọ, torí iṣẹ́ wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ olùkọ́ yẹn gan-an ló ń jáde lẹ́nu mi.

Mo ń wọ bàtà kí n máa lọ síṣẹ́ alẹ́ ni Àbẹ̀kẹ́ yọjú lẹ́nu ọ̀nà.

"Fúúsì áńpù mélòó ló wà níbẹ̀?"

"Mẹ́ta."

"Kí ló dé tí kì í ṣe 13?"

Mo ní wáyà ṣájà yẹn tín-ín-rín. Tí wọ́n bá fi 13 sí i, wáyà á ti gbóná jó kí fúúsì tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Ó ní báwo ni èèyàn ṣe ń ṣírò ìyẹn. Mo jókòó, mo bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan, mo ní kó gbé bébà wá.

Mo pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Àbẹ̀kẹ́ ò sì tíì kọ físíìsì sínú fọ́ọ̀mù A-level rẹ̀ o.