Ẹ má pa ọ̀sà Èkó láró: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí fáìlì RAW

Ojú ọ̀run Èkó kì í sábà mọ́ kedere. Bí kì í bá ṣe ọyẹ́ láti oṣù Kejìlá wọ oṣù Kejì, èéfín ẹja Mákòkó ni, tàbí òjò tó ti ṣú tí kò tíì rọ̀. Ẹni tó bá ń ya fọ́tò omi àti ilẹ̀ níbí, inú kùrukùru ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tí à ń rí kà nípa RAW, ìyẹn fáìlì fọ́tò tí kámẹ́rà kò tíì fọwọ́ kan àwọ̀ rẹ̀, àwọn tó ń gbé níbi tí òkè ńlá wà, tí afẹ́fẹ́ sì mọ́, ló kọ wọ́n. Wọ́n wúlò o, ṣùgbọ́n wọn ò bá tiwa mu tán. Ohun tí èmi rí pé ó ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀sà wa, láti etí omi UNILAG ní Àkọkà títí dé Marina, ni mo fẹ́ sọ.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀: bí kámẹ́rà bá ya JPEG, òun fúnra rẹ̀ ti yan àwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀ fún yín, ó sì ti da èyí tí kò lò nù. Pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìpele ìmọ́lẹ̀ 256 péré nínú JPEG. Nínú RAW oníbíìtì 12 (bíìtì ló ń sọ iye ìpele tí fáìlì lè gbà), ìpele 4,096 ni; nínú ti oníbíìtì 14, 16,384. Bí ẹ bá kàn wo fọ́tò méjèèjì lásán, ẹ lè má rí ìyàtọ̀ kankan. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ gbé òkùnkùn abẹ́ afárá sókè, tàbí kí ẹ rẹ ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run sílẹ̀, lẹ máa mọ̀. Ti JPEG á là sí ìlà-ìlà, àwọ̀ á sì dàrú. Ti RAW ṣì ní ohun tí ẹ lè fà yọ.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù láti fi kọ́ èèyàn ni etí ọ̀sà UNILAG yẹn, ní ìdájí. Ìlà-oòrùn ló kọjú sí. Láàárín nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ sí aago méje ni oòrùn máa ń yọ, ó kù sí oṣù tí a bá wà, ẹ̀yìn Afárá Third Mainland ló sì ń gbà yọ. Afárá náà á dúró dúdú lórí omi, ojú ọ̀run lẹ́yìn rẹ̀ á mọ́lẹ̀ yòò. Ìmọ́lẹ̀ méjèèjì jìnnà síra débi pé JPEG kò lè gbé wọn pọ̀.

Àbúrò kan tó máa ń bá mi jáde bi mí níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan pé, “Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ojú ọ̀run tèmi fi funfun báyìí?” Mo ní kó ṣí histogram, àwòrán kékeré tó ń fi bí ìmọ́lẹ̀ fọ́tò ṣe pín hàn, òkùnkùn lápá òsì, ìmọ́lẹ̀ lápá ọ̀tún. Gbogbo rẹ̀ ti wọ́ lọ sápá ọ̀tún, ó ti fẹnu gún ògiri. Mo ní, “Ibẹ̀ yẹn ti jó. Bí o bá délé, kò sí ohun tí o lè fà tó máa mú un padà. Dín ìmọ́lẹ̀ kù ní stop kan, ìyẹn ìdajì rẹ̀, kí o tún un yà.” Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, abẹ́ afárá á ṣókùnkùn jù o.” Mo ní kó jẹ́ kó ṣókùnkùn. Nígbà tí a jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó fa Shadows, èyí tó ń mú ibi tó ṣókùnkùn mọ́lẹ̀, sókè díẹ̀díẹ̀. Àwọn òpó afárá jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ apẹja kan jáde lábẹ́ rẹ̀, tí ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sórí àwọ̀n. Kò sẹ́ni tó rí ọkọ̀ yẹn nínú wa nígbà tí a wà létí omi.

Ìdí rẹ̀ ni pé ibi tó bá jó, sensor, ojú tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀, ti gba ìmọ́lẹ̀ kún dẹ́nu, kò kọ ohunkóhun sílẹ̀ mọ́ ju funfun lọ. Ibi tó ṣókùnkùn ṣì ní nǹkan nínú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé noise, àwọn àmì wínníwínní tó ń ba fọ́tò jẹ́, á bá a jáde. Ẹ má wá torí èyí ya gbogbo fọ́tò ní dúdú o. Nínú ìpele 16,384 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ìdajì rẹ̀, ìyẹn 8,192, inú stop tó mọ́lẹ̀ jù ló wà. Stop tó tẹ̀ lé e ní ìdajì èyí, bẹ́ẹ̀ ló ń dín kù lọ sísàlẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí fọ́tò mọ́lẹ̀ dé ibi tó lè mọ́lẹ̀ dé láìjó. Ojú oòrùn gan-an á jó. Ẹ fi í sílẹ̀, kò sí ohun tó ṣe é. Ẹ tún mọ̀ pé JPEG kékeré tó wà nínú fáìlì ni kámẹ́rà fi ń ya histogram yẹn, kì í ṣe RAW fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá gbé Picture Style, ètò àwọ̀ JPEG nínú kámẹ́rà, sí Neutral, ohun tó ń fi hàn yín á túbọ̀ súnmọ́ òótọ́.

White balance, ètò tó ń tún àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ṣe kí funfun lè jẹ́ funfun, kò gba ariwo. RAW kì í so ó mọ́ fáìlì, nítorí náà ẹ lè yí i padà nílé láìba nǹkan kan jẹ́. Ṣùgbọ́n fún ìdájí, ẹ yẹra fún Auto, torí ó máa ń fẹ́ nu pupa àárọ̀ kúrò, bíi pé àṣìṣe ni. Mo máa ń bẹ̀rẹ̀ láti Daylight, nǹkan bíi 5500K (K ni òṣùwọ̀n àwọ̀ ìmọ́lẹ̀), kí n tó ronú ohun mìíràn. Marina lálẹ́ nìkan ló máa ń fúnni níṣẹ́: iná pupa rúsúrúsú kan níhìn-ín, iná LED funfun kan lọ́hùn-ún, ojú ọ̀run sì ṣì ní búlúù nínú. Níbẹ̀, mo máa ń fi mask ya ojú ọ̀run sọ́tọ̀, kí n fún òun ní white balance tirẹ̀, kí títì náà ní tirẹ̀.

Ó wá ku kùrukùru, ibẹ̀ sì ni mo ti rí i pé a ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Láti ọdún 2015 tí Dehaze, irinṣẹ́ tó ń nu kùrukùru kúrò, ti wọ Lightroom, sọ́fítíwìa tí à ń fi tún fọ́tò ṣe, ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fà á dé òpin. Darktable, sọ́fítíwìa mìíràn, náà ní tirẹ̀ tó ń jẹ́ haze removal. Ẹ wo ohun tó ń ṣe dáadáa: ó ń mú dúdú dúdú sí i, ó ń ki àwọ̀, ó ń gbé noise ojú ọ̀run jáde, ó sì ń fi ìlà funfun yí afárá po. Ó tún ń gba ohun kan lọ́wọ́ yín. Lórí ọ̀sà, ọkọ̀ tó wà nítòsí máa ń dúdú, afárá lẹ́yìn rẹ̀ á ṣú díẹ̀, àwọn ilé gíga Èkó lọ́hùn-ún á fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn. Kùrukùru ló ń sọ fún ojú pé omi yìí fẹ̀. Bí ẹ bá nù ún tán, gbogbo wọn á tò sójú kan náà, ọ̀sà á sì kéré. Èmi kì í lò ju 10 sí 20 lọ nínú 100, mo sì máa ń fi mask dá a dúró sí àárín fọ́tò, kó má dé ojú ọ̀run, kó má sì dé ìlú tó wà lókèèrè.

Kùrukùru tún yàtọ̀ síra. Èéfín ẹja Mákòkó kúnná gan-an, búlúù ló sì máa ń fọ́n káàkiri jù. Ẹ wò ó níwájú àwọn ilé orí omi tó dúdú, ẹ máa rí i pé ó ní búlúù. Bó bá bọ́ síwájú ojú ọ̀run tó mọ́lẹ̀, á pọ́n rúsúrúsú. Fún irú èyí, bí ẹ bá sọ fọ́tò náà di dúdú-àti-funfun, tí ẹ gbé pupa sókè tí ẹ sì rẹ búlúù sílẹ̀, èéfín náà á fúyẹ́ lọ́nà tó dára ju Dehaze lọ. Eruku ọyẹ́ tó ń ti Sàhárà wá kò gbọ́ irú oògùn yìí. Ó tóbi ju èéfín lọ, gbogbo àwọ̀ ló sì ń fọ́n bákan náà, ìdí nìyẹn tó fi funfun. Nínú ọyẹ́, ohun tó wà nítòsí ni kí ẹ máa yà, kí ẹ fi Blacks, èyí tó ń mú dúdú jinlẹ̀, fún un lágbára, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ parẹ́ díẹ̀. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ tó jìnnà ni ẹ fẹ́, ẹ dúró de òjò. Ọ̀sán tí òjò ńlá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ẹ lè rí Ọ̀wọ́rọ̀nṣọ̀kí kedere, kí ẹ má sì fa slider kankan.

Àwọ̀ omi wá ni ohun tó ń dùn mí jù. Ọ̀sà Èkó kì í ṣe búlúù, ẹ jọ̀wọ́. Ní àsìkò òjò, odò Ògùn àti àwọn odò mìíràn ń gbé ẹrẹ̀ wọ inú rẹ̀, á pọ́n bí amọ̀. Ìgbà náà ni ewéko orí omi máa ń bo apá ibì kan, torí iyọ̀ ti dín kù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun á padà wọlé, ewéko á kú, omi á sì mọ́ díẹ̀. Ẹni tó bá mọ ọ̀sà lè wo fọ́tò kan kó sọ oṣù tí wọ́n yà á. Nígbà tí ẹ bá fa Saturation, èyí tó ń ki gbogbo àwọ̀, títí omi fi di aró, ẹ ti pa oṣù yẹn rẹ́. Ẹ fi Saturation sílẹ̀. Ẹ lo Vibrance, tó ń ki àwọn àwọ̀ tí kò tíì ki, díẹ̀, kí ẹ sì dín àwọ̀ ewé kù bó bá ń pariwo. Bí danfó bá wà nínú fọ́tò, yẹ́lò rẹ̀ ni kí ẹ fi wọn gbogbo àwọ̀ yòókù. Gbogbo wa la mọ bí yẹ́lò danfó ṣe rí.

Iná tún wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá mú iná lọ tí kọ̀ǹpútà bọ́ sórí bátìrì, ó lè rẹ ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin á rò pé fọ́tò ló ṣókùnkùn, ẹ óò gbé e sókè, tó bá wá dé orí fọ́nù àwọn èèyàn, á funfun pátápátá. Ẹ pa ètò yẹn nínú settings, kí ẹ sì gba histogram gbọ́ ju ojú yín lọ lóru.

Kò pọn dandan kí ẹ ra sọ́fítíwìa. Darktable àti RawTherapee jẹ́ ọ̀fẹ́, iṣẹ́ tí mo sọ wọ̀nyí sì wà nínú méjèèjì. Ẹni tí kò ní kámẹ́rà lè fi fọ́nù bẹ̀rẹ̀: Android ti fàyè gba RAW láti Android 5.0 ní 2014, iPhone láti iOS 10 ní 2016, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo fọ́nù Android ló ní in. Ẹ wò ó nínú Pro mode, ibi tí ẹ ti lè fọwọ́ yan ètò kámẹ́rà fọ́nù fúnra yín. Bó bá jẹ́ inú Mákòkó lẹ ti fẹ́ yà, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀, kí ẹ sì san owó ọkọ̀ fún ẹni tó máa wà yín. Ẹ má sì dúró lórí Third Mainland tìtorí fọ́tò, ọkọ̀ ń sáré níbẹ̀.

Fáìlì RAW kan lè tó 25MB tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, káàdì á tètè kún. Ẹ ra hard disk méjì, kí ohun kan náà wà lórí méjèèjì, kí wọ́n má sì jọ wà nínú báàgì kan. Ẹ má pa RAW rẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ JPEG rẹ̀. Mo ṣì ń padà sídìí fáìlì àtijọ́, torí pé sọ́fítíwìa tuntun ń mú noise kúrò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọwọ́ tèmi náà sì ti fúyẹ́ sí i lórí Dehaze.