Jẹ́ńtù Ọ̀sán Kan

Aago 4 ìrọ̀lẹ́ ni ìyàwó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, aago 7 ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ dé òde. Láàárín wákàtí 3 yìí ló fẹ́ sọ ọkọ rẹ̀, ẹni tó jẹ́ pé bí àlejò bá kan ilẹ̀kùn ilé, ilé ìwẹ̀ ló máa ń sá sí, di jẹ́ńtù pátápátá. Kó máa ṣílẹ̀kùn fún obìnrin. Kó máa fa àga. Kó bọ èèyàn lọ́wọ́ bí ọkùnrin. Kó rántí orúkọ ẹni tó bá pàdé. Kó lè tàkúrọ̀sọ. Kó mọ ìgbà tí wọ́n ń de bọ́tìnnì kótù àti ìgbà tí wọ́n ń tú u. Ẹ kà á, ohun mẹ́fà ni, lọ́sàn-án ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ọkọ ní òun ti gbọ́. Kò janpata. Ibẹ̀ gan-an ló sì yẹ kí ìyàwó ti fura, torí ọkùnrin tó ń tijú kì í bá èèyàn jiyàn. Á gbà sí ẹ lẹ́nu, á wá máa bẹ̀rù rẹ̀ nínú ikùn.

Ilẹ̀kùn ló kọ́kọ́ dójú tì í. Bí wọ́n ṣe bọ́ọ́lẹ̀ nínú mọ́tò, ó sáré ṣíwájú aya rẹ̀, ó gbá ìdìmú ilẹ̀kùn gíláàsì ńlá náà mú, ó fà á. Kò mì. Ó tún fà á. Nígbà kẹta, ó fẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni tó ń fa mọ́tò tó rì sẹ́rẹ̀. Ọmọdé kan tó ń bọ̀ lẹ́yìn wọn ló fi ìka kan tì í, ilẹ̀kùn sì ṣí wẹ́rẹ́.

Kò yẹ kí wọ́n fi èyí ṣẹlẹ́yà jù, torí ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ ọ nílé kò dé ibẹ̀. "Ṣílẹ̀kùn fún mi" nìkan ni wọ́n sọ fún un. Wọn ò sọ pé kó kọ́kọ́ wo híńjì, irin tí káfíńtà fi so ilẹ̀kùn mọ́ férémù. Bí híńjì bá hàn lápá ibi tí ẹ dúró sí, ọ̀dọ̀ yín ni ilẹ̀kùn máa ṣí sí, ẹ fà á. Bí kò bá hàn, lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ máa tì í ni. Ìyàtọ̀ wà nínú ìṣesí jẹ́ńtù níwájú méjèèjì. Èyí tí a ń fà, ọkùnrin á fà á, á fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀, obìnrin á sì kọjá níwájú láìfara kàn án. Èyí tí a ń tì, ọkùnrin ló máa kọ́kọ́ wọlé, á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, á di ilẹ̀kùn mú látinú. Àwọn kan rò pé àìmọ̀wàáhù ni kí ọkùnrin ṣíwájú wọlé. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó rò bẹ́ẹ̀: ọkọ dúró síta, ó na apá gbọọrọ gba ojú ọ̀nà láti fi di ilẹ̀kùn mú, bí igi tí wọ́n fi ń dá mọ́tò dúró lójú títì. Abẹ́ abíyá rẹ̀ nìkan ni àyè kù sí. Ìyàwó bẹ̀rẹ̀ kọjá níbẹ̀, irun tí wọ́n fi odindi òwúrọ̀ ṣe sì kọ́ aago ọwọ́ ọkọ. Wọ́n jọ wọlé ni, tirun taago.

Ìyàwó rọra sọ sí i létí pé, "Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ́ yín o." Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, a ń bọ̀ wá bá a.

Nínú ilé, wọ́n gbé ife ohun mímu tútù kan fún un. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi gbà á, ọwọ́ ọ̀tún náà ló sì fi dì í mú fún bíi ìṣẹ́jú 10. Ìta ife tútù máa ń sun omi. Àtẹ́lẹwọ́ ẹni tí ẹ̀rù ń bà náà máa ń làágùn, kódà kí ibi tó wà tutù, torí ìpayà ló ń mú ibẹ̀ làágùn ju ooru lọ. Omi ife àti òógùn pàdé. Nígbà tí olùgbàlejò na ọwọ́, ọkọ sáré gbé ife sọ́wọ́ òsì, ó sì gbé ohun kan tó dà bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lódò lé e lọ́wọ́. Olùgbàlejò rẹ́rìn-ín músẹ́. Lẹ́yìn náà ló fi ọgbọ́n nu ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ tábìlì.

Ọ̀nà àbáyọ kò le rárá. Ọwọ́ òsì ni ife ń gbé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Áńkáṣíìfù á wà nínú àpò òkòtò lápá ọ̀tún, kí ọwọ́ yẹn lè máa yọ́ wọlé lọ nu ara rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Bí ó bá di bíbọ èèyàn lọ́wọ́, kí àlàfo àárín àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ tiyín wọnú ti ẹnì kejì, kí ẹ fún un níwọ̀nba, kí ẹ mì í lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú-àáyá 3 lọ. Orí ìka nìkan lọ̀pọ̀ onítìjú ń nà síni, nítorí pé ọwọ́ ni wọ́n ń wò dípò ojú, wọ́n sì máa ń yára pa ìka dé kí ọwọ́ tó wọlé tán.

Ti orúkọ kò gbà wá lákòókò. Ó gbọ́ orúkọ mẹ́rin, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì jáde láti etí kejì. Ẹni tó bá fẹ́ kí orúkọ dúró, kó pè é padà lójú ẹsẹ̀, kó sì tún pè é lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó kúrò lọ́dọ̀ ẹni náà.

Ìtàkúrọ̀sọ ńkọ́? Ọkọ bi arákùnrin kan pé, "Ṣé iṣẹ́ ń lọ dáadáa?" Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." "Ṣé ilé náà wà dáadáa?" "Bẹ́ẹ̀ ni." "Ṣé mọ́tò yín ni ẹ gbé wá?" Arákùnrin náà wò ó bíi pé ó fẹ́ jí mọ́tò gbé. Ìbéèrè tó bá ti fi "ṣé" bẹ̀rẹ̀, "bẹ́ẹ̀ ni" ló máa ń bí, ọ̀rọ̀ á sì kú síbẹ̀. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "báwo" tàbí "kí ló" ló ń ṣílẹ̀kùn, àṣírí tó sì wà níbẹ̀ ni pé kí ìbéèrè kejì jáde látinú ìdáhùn àkọ́kọ́. Bí ẹnì kan bá ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lọ sílé tuntun, ẹ má bi í nípa bọ́ọ̀lù. Ẹ bi í pé kí ló kọ́kọ́ bàjẹ́ nínú ilé náà. Á sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ó wá ku àga.

Àga fífà, bí ẹ bá rí i lọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, dà bí ohun tí kò nílò ẹ̀kọ́. Irọ́ ni. Nínú gbogbo ìwà jẹ́ńtù, òun nìkan ló lè mú kí wọ́n gbé èèyàn lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn eegun. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Ẹ dúró sẹ́yìn àga, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di igun ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì mú. Ẹ gbé e díẹ̀ kó má baà han gooro lórí ilẹ̀, ẹ fà á sẹ́yìn gbọnrangandan, bíi sẹ̀ǹtímítà 40, kí obìnrin lè gba ẹ̀gbẹ́ wọlé kó sì dúró níwájú rẹ̀. Láti ibẹ̀, ẹ má wo ojú rẹ̀ mọ́, orúnkún rẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò. Bí orúnkún bá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, ẹ rọra ti àga síwájú títí etí rẹ̀ á fi kan ẹ̀yìn orúnkún náà fẹ́rẹ́, ẹ sì dúró. Ìfarakàn yẹn ló ń sọ fún un pé àga ti dé. Ẹni tó bá tì í ṣáájú àkókò á gé obìnrin lẹ́sẹ̀ bí ẹni gé igi. Ẹni tó bá jọ̀wọ́ rẹ̀ lójijì, ẹ máa bá wa kálọ.

Ọkọ bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ọwọ́ méjèèjì wà níbi tó yẹ. Àga kò han. Ìyàwó wọlé, ó dúró, orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Nígbà náà gan-an ni ìyàwó boju wẹ̀yìn, ó rí i pé kótù ọkọ ṣí sílẹ̀ gbàgà, ó sì sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé: "Bọ́tìnnì!"

Ọkọ gbọ́ràn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ lára àga, ó di bọ́tìnnì mú. Kò tiẹ̀ yé wa ìdí tí bọ́tìnnì fi di ọ̀ràn ní ìṣẹ́jú yẹn. Kótù oníbọ́tìnnì méjì, tòkè nìkan ni wọ́n ń dè, ìgbà tí èèyàn bá wà lóòró sì ni. Bí yóò bá jókòó, ńṣe ni wọ́n ń tú u, torí aṣọ á fún mọ́ ikùn, okùn bọ́tìnnì á sì já. Kù díẹ̀ kóun náà jókòó! Ó kù sẹ̀ǹtímítà 15 kí àga tó kan orúnkún. Ìyàwó jókòó sórí afẹ́fẹ́. Bó ṣe ń lọ sílẹ̀, ó gbá aṣọ tábìlì mú, ife mẹ́ta àti àwo kan sì tẹ̀ lé e bí ọmọ tó ń tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ́jà.

Gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn nìyí. Ọkùnrin tó ń sá sí ilé ìwẹ̀ yìí kò rí ilé ìwẹ̀ kankan nítòsí. Ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ aya rẹ̀, ó kọ́kọ́ bi í pé, "Ṣé ibì kankan ń dùn ọ́?", kò sì fà á lọ́rùn ọwọ́ bí àpò sìmẹ́ńtì gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣe tí èjìká fi ń yẹ̀. Ó gbé àga yẹn kan náà sún mọ́ ọn, ó fi ẹsẹ̀ ti ìdí rẹ̀ kó má baà sá, ó ní kó fi ọwọ́ kan gbára lé e, òun sì dì í mú lábẹ́ ìgúnpá títí ó fi dìde. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ó yíjú sí àwọn èèyàn, ó ní, "Ẹ má bínú. Èmi ni mo fi àga sílẹ̀, àga náà sì ti mọ̀ pé jẹ́ńtù ọ̀sán kan ni mí." Ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó gan-an rẹ́rìn-ín títí ó fi tún fẹ́ ṣubú. Kí alẹ́ tó lẹ́, èèyàn bíi márùn-ún ti wá jókòó ti ọkọ, kò sì fi "ṣé" bi ẹnikẹ́ni léèrè mọ́.

Ó nídìí. Lọ́dún 1966, Elliot Aronson, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà èèyàn, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ohùn ẹnì kan tó ń dáhùn ìbéèrè tó le fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́. Bí ẹni tó ń dáhùn dáadáa bá da kọfí sára kótù tuntun rẹ̀, ńṣe ni wọ́n túbọ̀ ń fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ bí ẹni tí kò mọ ohun tó ń sọ bá da kọfí tirẹ̀, iyì rẹ̀ tún ń dín kù ni. Nítorí náà ẹ má ronú pé kí ọkọ yín máa ju èèyàn sílẹ̀ kiri. Bó ṣe gbé aya rẹ̀ dìde ló gbà á là. Thomas Gilovich, tóun náà jẹ́ irú onímọ̀ bẹ́ẹ̀, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2000, ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ ẹ̀wù kan tí àwòrán ara rẹ̀ ń tini lójú wọ yàrá tí èèyàn wà. Àwọn tó wọ̀ ọ́ rò pé bí ìdajì èèyàn ló rí àwòrán náà. Àwọn tó rí i ní tòótọ́ kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Ẹ ka èyí fún onítìjú ilé yín nínú mọ́tò nígbà tẹ́ ẹ bá ń lọ, kì í ṣe nígbà tẹ́ ẹ bá ń bọ̀.

Ohun tó wá kù fún ìyàwó láti tún ṣe kò pọ̀, àmọ́ ó ṣòroó ṣe fún ẹni tí ẹnu rẹ̀ yá. Ohun kan ṣoṣo fún òde kan. Àga ni, àbí ilẹ̀kùn? Kó mú ọ̀kan. Kí wọ́n dán an wò nílé pẹ̀lú àga gidi, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, kí ìyàwó sì máa jókòó sí i tìwọ̀n tìwọ̀n. Kí wọ́n dé òde ṣáájú èrò, torí ó rọrùn fún onítìjú kí èèyàn márùn-ún wá bá a ju kó wọlé bá èèyàn àádọ́ta. Tí wọ́n bá ti dé òde yẹn, ìtọ́sọ́nà ti parí. Kò sí ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kò sí "Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ́ yín" tá a ní kẹ́ ẹ fi sọ́kàn, kò sí jíja èèyàn léèékánná lábẹ́ tábìlì. Àmì kan péré ni kí wọ́n ní, ọkọ ló sì ni ín: bó bá fọwọ́ kan etí, ó rẹ̀ ẹ́ nìyẹn, kí wọ́n jáde síta fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí ẹnì kan bá bi ọkọ ní ìbéèrè, kí ìyàwó pa ẹnu dé, kódà kí ìdákẹ́jẹ́ náà gùn bí ọ̀sẹ̀. Bó bá sì fẹ́ yìn ín, kó yin ohun kan pàtó. "O ṣe dáadáa" kò sọ nǹkan kan. "Bẹ́ ẹ ṣe bi ìyá àgbà yẹn nípa ọgbà rẹ̀ dára gan-an" ló máa jẹ́ kó tún un ṣe.

Òde tó tẹ̀ lé e, àga nìkan ni wọ́n mú. Ọkọ fà á, kò han, ó dúró, ojú rẹ̀ wà lára orúnkún aya rẹ̀ bí ológbò tó ń ṣọ́ eku. Orúnkún kò tẹ̀. Ìyàwó boju wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, ó boju wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kejì, ó wá na ọwọ́ sẹ́yìn tẹ ìjókòó náà wò bóyá ó wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Ọkọ rọra bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn létí, ó ní, "Aya mi, ṣé kí n kọ́kọ́ bá ọ jókòó sí i ni?"