Ajẹbọ́tà, ajẹpákó àti “rah”: fàájì ọmọ yunifásítì ní Àbújá àti ní Ìlú Ọba

Bí ẹ bá rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Leeds tí súwẹ́tà rẹ̀ ti lu ní ìgúnpá, tí bàtà rẹ̀ dọ̀tí, tó jókòó síta ilé ìkàwé tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ wé sìgá, ẹ fi àánú yín pamọ́ ná. Ọmọ Gwagwalada, lẹ́yìn ìgboro Àbújá, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á rò pé owó ló wọ́n ọn lọ́wọ́. Àwọn ọmọ ilẹ̀ náà á wò ó lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n á ní “rah” ni. Rah ni orúkọ yẹ̀yẹ́ tí wọ́n ń pe ọmọ olówó tó ń múra bí ẹni tí kò ní, pàápàá ní Leeds, Newcastle, Bristol àti Durham. Súwẹ́tà yẹn lè ti wá láti ṣọ́ọ̀bù aṣọ àlòkù, ó sì lè jẹ́ ti bàbá rẹ̀ àgbà. Ilé tó ti wá, ẹṣin lè wà níbẹ̀.

Àwa tí a ti Àbújá wá kì í tètè rí ìdí rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, òkìrìkà, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní gwanjo, kì í ṣe aṣọ tí ọmọ olówó ń wọ̀ jáde. Ẹni tí apá rẹ̀ kò ká tuntun ló ń rà á, òun náà á sì fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ kí òórùn rẹ̀ lè lọ, á lọ̀ ọ́ títí á fi gún régé kí ẹnikẹ́ni má baà fura. Ọmọ mẹ̀kúnnù ní Leeds náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: bàtà rẹ̀ a máa funfun báláú, jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ a máa jẹ́ tuntun. Ọmọ olówó ibẹ̀ ló lè wọ àkísà láìbẹ̀rù, nítorí bó bá ti lanu sọ̀rọ̀ báyìí, ohùn rẹ̀ á ti sọ ilé ìwé tó lọ.

Yorùbá ti sọ irú àwọn ọmọ méjèèjì lórúkọ tipẹ́: ajẹbọ́tà àti ajẹpákó. Ẹ kíyè sí i pé ohun tí wọ́n fi tọ́ ọmọ dàgbà ni orúkọ náà ń sọ, kò sọ iye tó wà lápò rẹ̀. Ajẹpákó lè di olówó lọ́la, bó bá ti di fọ́ọ̀kì mú, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á tún pè é bẹ́ẹ̀. Ohun tí Pierre Bourdieu, onímọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá ọmọ Faransé, kọ sínú ìwé ńlá tó gbé jáde ní 1979 kò jìnnà sí èyí. Ènìyàn 1,217 ni wọ́n bi léèrè ní àwọn ọdún 1960 nípa orin, oúnjẹ, àwòrán àti ohun èlò ilé. Ó ní ohun tó wuni kì í bá ni wá láti ọ̀run. Ilé la ti ń kó o, kí a tó gbọ́n, ìdí nìyẹn tó fi ń dà bí àbímọ́ni. Ilé la sáà ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ó wá pín ogún sí oríṣi mẹ́ta: owó, ohun tí a mọ̀, àti ẹni tí a mọ̀. Ní Àbújá, àkọ́kọ́ àti ìkẹta ló ń hàn sójú. Ní Ìlú Ọba, ìkejì ni wọ́n fi ń ṣẹ́ni lójú.

Iná ni fàájì fi ń bẹ̀rẹ̀ ní Àbújá. Pípín àdúgbò sí Band A títí dé Band E ti sọ ọ̀rọ̀ olówó àti aláìní di ohun tó wà nínú ìwé: Band A yẹ kó máa rí iná fún wákàtí 20 ó kéré tán lójúmọ́, oṣù kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n sì gbé owó tiwọn lọ sí ₦225 fún ẹyọ kan. Ọmọ tí ilé wọn wà ní Maitama tàbí Asokoro, àdúgbò àwọn olówó, fíìmù tó bá wù ú ló ń wò nígbà tó bá wù ú. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gba yàrá ní Gwagwalada ní láti ṣètò. Á ra dátà òru, á máa gba fíìmù mẹ́ta mẹ́rin sórí fóònù títí ìdájí, àwọn ará ilé tó kù á sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀. Bí kò bá ti fi fóònù sí ṣáájì nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́, bátìrì á kú lágbedeméjì, fíìmù kò ní pé, dátà á sì ti jó. Nítorí náà, ohun tó wà nínú fóònù ọ̀rẹ́ ni ohun tó ń wuni. Bí eré Kòríà alápá púpọ̀ ṣe ń gba gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì kan nìyẹn: ẹnì kan ló rí i gbà.

Ọ̀nà ló tẹ̀ lé iná. Láti Gwagwalada dé Wuse 2 nígboro Àbújá, bíi kìlómítà 50 ni. Owó tíkẹ́ẹ̀tì sinimá kọ́ ló ń dí ọmọ yunifásítì lọ́wọ́. Owó ọkọ̀ ni, àti àkókò. Fíìmù tó bá bẹ̀rẹ̀ ní aago méje alẹ́ á parí ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, nígbà tí ọkọ̀ èrò ti ń wọ́n, tí ẹ̀rù “one chance” sì ti ń ba ènìyàn. Ẹni tí kò ní mọ́tò, tí kò sì lè san owó Bolt padà sílé, ọ̀sán ni yóò lọ, tàbí kó ní ẹ̀gbọ́n tí yóò sùn lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Kubwa. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 29 oṣù karùn-ún 2023, tí epo bẹntiróòlù kúrò lábẹ́ ₦200 bọ́ sí òkè ₦500 láàárín ọjọ́ mélòó kan, fàájì alẹ́ nígboro di ti ọmọ onímọ́tò. Ibi tó kù fún àwọn yòókù ni Millennium Park, èyí tí ọbabìnrin Elizabeth Kejì ṣí ní oṣù kejìlá ọdún 2003, àti etí omi Jabi. Wọ́n á ya fọ́tò lọ́pọ̀, nítorí fọ́tò náà gbọ́dọ̀ tó lò fún oṣù méjì.

Ti fóònù, ẹ̀rín ni. iPhone “UK-used” láti Banex, ọjà fóònù Àbújá, ni gbogbo wọn ń wá. Àlòkù ni òun náà, inú ọkọ̀ òkun kan náà pẹ̀lú òkìrìkà ló sì lè ti bá wá, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fi í pamọ́.

Bí a bá gòkè dé Zaria, ọ̀rọ̀ yí díẹ̀. Ní Samaru, lẹ́nu ọ̀nà Yunifásítì Ahmadu Bello (ABU), ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ni gbọ̀ngán gbogboogbò: bẹ́ǹṣì pákó, tẹlifíṣọ̀n méjì tó ń fi eré ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ hàn, jẹnẹrétọ̀ tó ń ké lẹ́yìn, owó ìwọlé fún eré kọ̀ọ̀kan. Hausa, Yorùbá, Ìgbò, Tiv, Nupe, gbogbo wọn ló ń gbá èjìká pọ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ mai shayi: tíì tó fi mílíìkì tú sókè tú sílẹ̀ títí ó fi hó, Indomie méjì pẹ̀lú ẹyin méjì, búrẹ́dì. Ọmọ olówó náà ń jẹ ẹ́. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé inú mọ́tò ló ń jókòó sí, tí wọ́n á gbé e wá bá a lójú fèrèsé. Yunifásítì ìjọba ń da àwọn ọmọ pọ̀ lọ́nà tí ti aládàáni kò lè gbà dà wọ́n pọ̀. Ìyanṣẹ́lódì ló tún ń yà wọ́n. Ní 2022, láti 14 oṣù kejì títí di 14 oṣù kẹwàá, àwọn ọmọ ìjọba wà nílé, àwọn ti aládàáni ń kàwé lọ. Oṣù mẹ́jọ àpàpàǹdodo fàájì yẹn, iṣẹ́ ránṣọránṣọ, irun dídì àti POS ni ọ̀pọ̀ fi lò ó.

Ẹ̀ka kan wà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kì í kà mọ́ fàájì rárá: ẹgbẹ́ ẹ̀sìn. MSSN ti àwọn Mùsùlùmí, NIFES ti àwọn Kristẹni àti àwọn ẹgbẹ́ akọrin ló ń gba ìrọ̀lẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀ ọmọ yunifásítì lọ́dọ̀ wa, ọ̀fẹ́ sì ni. Fún ọmọ ajẹpákó, ibẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ orin. Ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù nínú fellowship lè má ka nóòtì rí láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n ibi yòówù tí ẹ bá ti dá orin, á bá yín gbé e kí ìlà kejì tó pé. Ní Ìlú Ọba, orin jẹ́ ohun tí òbí ń sanwó rẹ̀ ní ìdajì wákàtí sí ìdajì wákàtí, láti ìgbà tí ọmọ ti wà ní ọmọ ọdún méje tàbí mẹ́jọ, pẹ̀lú ìdánwò láti Grade 1 dé Grade 8. Ẹgbẹ́ ọ̀kẹ́sítírà yunifásítì á kọ ọ́ síta pé ẹnikẹ́ni lè wá. Òtítọ́ ni. Ìwé nóòtì ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé lé yín lọ́wọ́ ṣá o, akọrin Samaru wa á sì padà sílé.

Bí fàájì ibẹ̀ ṣe ń to àwọn ènìyàn sílẹ̀ nìyẹn: ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, àkàsọ̀ ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́rú ni ọ̀pọ̀ yunifásítì máa ń fi sílẹ̀ fún eré ìdárayá. Wíwa ọkọ̀ ojú omi, lacrosse àti rugby kún fún àwọn tó ti ń ṣe é láti ilé ìwé olówó ńlá, bẹ́ẹ̀ bíi méje péré nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ orílẹ̀-èdè náà ló ń lọ irú ilé ìwé bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń gba ẹni tí kò ṣe é rí sínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń wa ọkọ̀ ojú omi, ṣùgbọ́n aago mẹ́fà òwúrọ̀ lórí omi, nínú òtútù, ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ilé ọtí ní aago méjì òru kò lè débẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ló máa ń fi gbìyànjú.

Owó ìjọba tún wà níbẹ̀ tó ń ṣini lọ́nà. Ní ọdún ẹ̀kọ́ 2025/26, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ England tí owó tó ń wọlé nílé wọn kò ju £25,000 lọ́dún lọ lè yá tó £10,544 fún oúnjẹ àti ilé níta London. Bí owó òbí bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ẹ̀yáwó ń dín kù. Lójú ìwé, ọmọ tálákà ló ní owó lọ́wọ́ jù. Ṣùgbọ́n òbí olówó á san háyà ilé tààrà, á tún ra tíkẹ́ẹ̀tì ìrìn-àjò lọ yọ̀ lórí yìnyín ní Faransé ní oṣù kejìlá, kò sì sí èyíkéyìí nínú rẹ̀ tó máa hàn nínú ìwé ẹ̀yáwó. Lọ́dọ̀ wa, NELFUND, àjọ ìjọba tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, ń fún wọn ní ₦20,000 lóṣù fún ìtọ́jú ara. Ní ọ̀pọ̀ oṣù ọdún 2025, kò ra lítà 25 epo bẹntiróòlù.

Oṣù kẹjọ ni ẹ lè rí gbogbo rẹ̀ kedere. Láti 1947 ni Edinburgh ti ń ṣe Fringe, ọdún eré ìtàgé tí ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé eré lọ. Footlights ti Cambridge, tó ti wà láti 1883, wà lára wọn. Ẹgbẹ́ á san owó ibi ìṣeré, ti ìwé ìpolówó, àti ilé tí háyà rẹ̀ lọ sókè gidi lóṣù yẹn. Eré náà lè má mú owó kankan wọlé. Ta ló lè fi oṣù kẹjọ ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́? Ẹni tí kò nílò owó oṣù kẹjọ. Àwọn yòókù wà níbi iṣẹ́ títo ọjà, bí wọ́n tilẹ̀ mọ eré ṣe jù. Nínú èyí, Zaria sàn jù, tí a bá fẹ́ sọ òótọ́: Drama Village ti ABU, ibi ìṣeré tí wọ́n fi amọ̀ mọ ní àrà ilé Hausa, wà nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sì ti ń gbé eré tọ àwọn ará Samaru lọ láti àwọn ọdún 1970. Kò sẹ́ni tó ń háyà ilé kó tó ṣeré níbẹ̀.

Ní ti musíọ́mù, láti oṣù kejìlá ọdún 2001 ni àwọn ti orílẹ̀-èdè ní Ìlú Ọba ti di ọ̀fẹ́. Ọ̀fẹ́ kò sọ fún ènìyàn iye ìṣẹ́jú tó yẹ kó dúró síwájú àwòrán kan. Ẹni tí wọn kò gbé lọ rí ní kékeré á rìn ín parí ní ogún ìṣẹ́jú, á jókòó sí ilé kọfí, á máa wojú fóònù.

Èdè ló wá yí padà bìrí láàárín ìlú méjèèjì. Ọmọ Yorùbá tó dàgbà ní Asokoro sábà máa ń gbọ́ Yorùbá láìlè sọ ọ́. Ti Nyanya àti Mararaba, ibi tí àwọn mẹ̀kúnnù ń gbé lẹ́bàá ìgboro, ń sọ Yorùbá, Hausa àti Píjìnnì kó tó wọ ilé ìwé gíga. Ní Àbújá, ti àkọ́kọ́ ló ní iyì. Bí àwọn méjèèjì bá dé Leeds, níbi òde àríyá tí fújì ti ń dún, ti Mararaba ló ń báni gbé ègbè, ti Asokoro ló ń fi fóònù yà á.

Ohun kan péré ni kò yí padà. Guards Polo Club, ẹgbẹ́ àwọn tó ń gun ẹṣin gbá bọ́ọ̀lù, wà ní Windsor, Guards Polo Club wà ní Àbújá. Ẹṣin kì í purọ́.

Àkókò ni ìṣòro àwọn tó ń ti ọ̀dọ̀ wa dé Ìlú Ọba báyìí. Ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́ kò gbà ju iṣẹ́ wákàtí 20 lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé ìwé bá wọlé, wákàtí fàájì ni wọ́n sì ń lò fún un. Nígbà tí wọ́n bá wá ráyè bá àwọn ẹlẹgbẹ́ jáde, wọ́n á kó sínú “round”. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó peni jáde ló ń sanwó. Nílé ọtí Gẹ̀ẹ́sì, ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ń ra ti gbogbo ẹgbẹ́ nígbà tirẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa sọ fún yín pé ó ti kàn yín; wọ́n á kàn máa wo ife tó ti ṣófo. Bí ẹ bá jẹ́ márùn-ún, tí bíà jẹ́ £5, £25 lẹ ó fi sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ £12.21 ni owó iṣẹ́ wákàtí kan tó kéré jù lọ fún ẹni ọdún 21 sókè ní ọdún tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin 2025. Mùsùlùmí tó ń mu Coke ló ń pàdánù jù. Ẹni tó bá gbọ́n á tètè dé nígbà tí wọn ò tíì ju méjì lọ, á ra tirẹ̀ ṣáájú, á sì ti lọ nígbà tí àwọn yòókù bá ń wọlé. Tàbí kó sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà pé fúnra òun lòun máa ra tòun lálẹ́ yìí. Rah tó wọ súwẹ́tà lílu yẹn náà máa ń sọ bẹ́ẹ̀, ojú kì í sì í tì í.