Ẹ̀yin ọkùnrin tó ń lo oògùn HIV, ọ̀rọ̀ HPV kàn yín o

Tí wọ́n bá ti dárúkọ HPV báyìí, ìyẹn fáírọ́ọ̀sì tó ń fa wọ́nwọ́n àti àwọn jẹjẹrẹ kan, ọ̀pọ̀ ọkùnrin á ní ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin nìyẹn. Ó kàn yín jàre. Fáírọ́ọ̀sì yìí ò mọ akọ yàtọ̀ sí abo, ara tó bá ti kan ara ló fi ń ràn, ìyẹn ni kọ́ńdọ̀mù ṣe ń dín in kù àmọ́ tí ò lè dí gbogbo ọ̀nà pa.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń kó o tí ara wọn á sì lé e lọ láìmọ̀ rárá, ṣùgbọ́n ẹni tí HIV ti ba àwọn ọmọ ogun ara ẹ̀ jẹ́, ó lè jókòó tì í pẹ́, oríṣi HPV tí wọ́n ń pè ní 6 àti 11 á máa hu wọ́nwọ́n sójú ara, ti 16 ló wá ń bà mí lẹ́rù jù torí òun ló sábà máa ń wà nídìí jẹjẹrẹ ihò ìdí.

Ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní ANCHOR jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2022, àwọn tó ní HIV tí wọ́n ti pé ọdún 35 sókè ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n rí i pé tí wọ́n bá tọ́jú ibi tó ti ń yí padà nínú ihò ìdí kó tó di jẹjẹrẹ, ewu ẹ̀ á fi ìdá 57 nínú 100 dín kù. Ó ju ìdajì lọ o!

Abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV náà wà, ẹ̀ẹ̀mẹta lẹni tó ní HIV máa gbà á, kì í lé èyí tó ti wọlé jáde ṣá. Tẹ́ ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ tàbí kókó nídìí, ẹ má kàn pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò.